Iná Tó Ń Gbọ̀n Nílé Ògúnrẹ̀mí

Ògúnrẹ̀mí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ènìyàn bá kí i, yóò dáhùn. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, yóò sọ èyí tó mọ̀, yóò sì pa ẹnu dé. Àwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í pẹja mọ́. Orúnkún rẹ̀ ti kọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọ̀n tó ya ni wọ́n ń gbé wá fún un, òun a sì fi òwú dí ibi tó ya. Gbogbo apẹja tó wà létí adágún Nangbéto níhà ọ̀dọ̀ wọn ló mọ ilé rẹ̀. Bí ẹja ńlá bá fa àwọ̀n ya, tàbí tí kùkùté igi abẹ́ omi bá fà á ya, ọ̀dọ̀ Ògúnrẹ̀mí ni.

Kùkùté náà pọ̀. Ìsàlẹ̀ adágún yẹn, igbó ni tẹ́lẹ̀, oko ni. Oko bàbá Ògúnrẹ̀mí wà níbẹ̀, àti ilé wọn, àti igi igbá tí ìyá rẹ̀ ti ń ká èso tó fi ń ṣe irú. Nígbà tí wọ́n mọ odi ńlá dí odò Mono kí wọ́n lè fi omi ṣe iná, omi kún, ó bo gbogbo rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ará abúlé lọ sókè, wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ mìíràn. Ògúnrẹ̀mí ti di ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà. Ó fi ọkọ́ sílẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀. Kí ni kí ó ṣe? Oko ti di omi.

Iná tí wọ́n torí rẹ̀ dí omi náà pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wáyà rẹ̀ ń gba orí wọn kọjá lọ sí ìlú. Ìgbà tó máa fi dé, Blandine ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lọ sílé ọkọ. Ọjọ́ tí wọ́n fa iná wọ ilé Ògúnrẹ̀mí, wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá funfun gígùn wọ̀nyẹn kọ́ sí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní neóònù. Ẹni tó so ó tẹ bọ́tìnì. Ọ̀pá náà ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì funfun báláú. Àwọn ọmọdé àdúgbò hó. Ògúnrẹ̀mí kò hó. Ó gun àpótí, ó na ọwọ́ sí ọ̀pá náà bí ẹni tó fẹ́ yáná. Ó retí ooru. Ooru náà kò tó nǹkan.

"Kò sí iná nínú rẹ̀," ló wí.

Ẹni tó so ó rẹ́rìn-ín. "Omi ni, Bàbá. Omi Nangbéto ló ń tàn yẹn."

Ògúnrẹ̀mí kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó. Omi tó wà lórí oko bàbá òun. Ó wo òkè títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí oòrùn bá ti wọ̀, kí ó ká àwọ̀n ló kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná dé, ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀. Yóò so orí àwọ̀n mọ́ ìṣó tó wà lára òpó, yóò fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ etí kejì mọ́lẹ̀, yóò wá máa ti abẹ́rẹ́ onígi bọ inú rẹ̀, tí òwú ń tẹ̀ lé e. Ó ń ṣe é jẹ́jẹ́. Ibi tí Ògúnrẹ̀mí bá dí, apẹja kì í mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n á wá a lára àwọ̀n títí, wọ́n á fi í sílẹ̀.

Àwọn ará abúlé yòókù, iná ti mọ́ wọn lára. Bí ó bá tàn, wọn kì í gbójú sókè. Òun, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kì í kọ́kọ́ wò ó kí ó tó mú abẹ́rẹ́. Ìbíọlá ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Bàbá Blandine, ṣé ẹ ti kí i?"

"Ta ni?"

"Ìyàwó yín tó wà lórí àjà."

"Ó ní kí n kí ẹ náà," ni Ògúnrẹ̀mí á wí, á sì mú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ìgbà òjò tó kọjá ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sídìí àwọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí i tí àwọ̀n ń gbọ̀n. Ó rò pé ọwọ́ òun ni. Ó fi àwọ̀n sílẹ̀. Àwọ̀n ṣì ń gbọ̀n. Ó wo ògiri. Ògiri ń gbọ̀n. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n. Kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo òkúta nísàlẹ̀ omi, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí omi náà díẹ̀díẹ̀. Ó di ojú, ó là á. Bákan náà ni. Ó gbójú sókè wo ọ̀pá iná fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè tẹjú mọ́ ohun tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Omi bò ó lójú. Ó gbójú kúrò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jáde. Ó wo adágún, ó rí ọkọ̀ Yannick apẹja lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí fìlà tí Yannick dé. Ó wo ewé orí igi. Kò sí ohun tó ń gbọ̀n. Ẹlòmíràn ìbá yọ̀. Ẹ̀rù ba Ògúnrẹ̀mí ju ti àná lọ.

Bàbá rẹ̀ fọ́jú. Ìdí nìyẹn. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Nígbà tí odò ṣì jẹ́ odò, tí omi ń fò lórí àpáta lẹ́bàá oko wọn, eṣinṣin dúdú kéékèèké kan pọ̀ níbẹ̀. Bí ènìyàn ti ń roko, wọ́n ń bù ú jẹ. Ara á máa yún un. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ojú á lọ. Àrùn odò ni wọ́n ń pè é ní abúlé wọn, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ bí wọn ò bá ní ìdí. Ti bàbá rẹ̀, láti ìrọ̀lẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, ó ń ríran bíi gbogbo ènìyàn. Bí oòrùn bá ń wọ̀, á ní ilẹ̀ ń mì lójú òun. Wọ́n ní ẹmu ló ń mu. Wọ́n bú u. Nígbà tó yá, ọ̀sán náà lọ. Ògúnrẹ̀mí, ọmọdé nígbà náà, ló ń di orí ọ̀pá mú níwájú, bàbá rẹ̀ a di ìdí rẹ̀ mú lẹ́yìn, wọ́n a lọ sóko bẹ́ẹ̀. Bí ó bá yára jù, bàbá rẹ̀ a fa ọ̀pá náà díẹ̀. Títí di òní, ó mọ bí fífà yẹn ṣe rí lọ́wọ́ òun.

Oògùn ti dé látìgbà náà. Àwọn tó ń pín in a máa wá lọ́dọọdún pẹ̀lú igi gígùn kan tí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí. Wọ́n á ní kí ènìyàn dúró tì í. Bí ó bá ṣe ga sí ni hóró tí wọ́n á fún un ṣe pọ̀ sí. Àwọn ọmọ òde òní kò tiẹ̀ mọ ẹni tí odò fọ́ lójú. Ṣùgbọ́n Ògúnrẹ̀mí mọ ohun tó ṣe. Nígbà tó ṣì ń pẹja, orí omi ló sábà máa ń wà bí wọ́n bá dé. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun ti lo tòun. Kò lò ó. Ó rò pé adágún ti bo àpáta wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀, pé eṣinṣin náà ti tán nìyẹn. Báyìí ó jókòó, ó ń rántí gbogbo ọdún tí kò dúró ti igi náà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló fẹ́ sọ? Ta ni yóò gbé àwọ̀n rẹ̀ fún afọ́jú? Lóòótọ́ ọwọ́ lè mọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n apẹja kò ní dúró gbọ́ ìyẹn. Ó fi ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án nínú ooru, tí òógùn ń kán sórí òwú. Díẹ̀ ló ń ṣe tán. Bí wọ́n bá gbé àwọ̀n tuntun wá, á ní ẹ̀yìn ń dun òun, kí wọ́n gbé e padà. Bí oòrùn bá ti wọ̀, tí Ìbíọlá bá tẹ iná, yóò dìde, yóò lọ jókòó létí omi nínú òkùnkùn. Inú òkùnkùn rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò sí ohun tó ń gbọ̀n níbẹ̀.

Ìbíọlá ń wò ó. Ẹja ni obìnrin náà ń yan. Ẹ̀yìn ilé ni ààrò rẹ̀ máa ń wà, ṣùgbọ́n nígbà òjò, á gbé e wá sábẹ́ òrùlé, lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí òjò má baà pa iná rẹ̀. Èéfín a sì kún ibẹ̀. Nídìí ààrò, ojú rẹ̀ ń pọ́n, ó ń ṣomi. Bí ayé bá tilẹ̀ ń gbọ̀n níwájú rẹ̀, èéfín ló máa kà á sí. Ohun kan ṣoṣo ló rí sí iná ọ̀dẹ̀dẹ̀: ó ń pẹ́ kí ó tó tàn. Ènìyàn á tẹ bọ́tìnì, á lọ bu omi nínú ìkòkò, á padà dé, kò ní tíì jí. Ìyẹn ló sọ fún Blandine lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń jáde ní ìrọ̀lẹ́, ó fi ìyẹn sínú.

Blandine àti ọkọ rẹ̀ ń ta nǹkan iná létí títì ní Agbonou nínú ìlú. Wáyà, gílóòbù, bọ́tìnì. Ìdí ọjà yẹn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú iná tó bàjẹ́. Ó gun sẹmijáàn, alùpùpù tó ń gbé èrò, ó wá ní ọjọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi aṣọ wé ọ̀pá neóònù tuntun, ó sì dì í mú lóòró lẹ́yìn ẹni tó gbé e.

Ìbíọlá rí i lọ́ọ̀ọ́kán. "Káàbọ̀, ọmọ ogun. Ta lo fẹ́ gún lọ́kọ̀?"

"Màmá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà yẹn ni mo fi ń bẹ ọkùnrin náà. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, bí ọ̀pá yìí bá fọ́, ẹ̀yin lẹ máa gun àjà ilé bàbá mi kẹ́ ẹ máa tàn.'"

"Kí ló wí?"

"Ó ní tí wọ́n bá ti ń fún òun lóúnjẹ, kò burú."

Ògúnrẹ̀mí jáde síta. Blandine kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Pàpá."

"O káàbọ̀. Kí nìyẹn?"

"Iná yín ni. Wọ́n ní ó ti ń lọ́ra."

"Iná kò ṣe nǹkan kan. Gbé e padà."

"Kí n tún gbé e gba kòtò yẹn?"

"Fi iná sílẹ̀, Blandine. Bó ṣe wà yẹn tó."

"Má dá bàbá ẹ lóhùn," ni Ìbíọlá wí. "Kì í gbélé ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Kí ló kàn án?"

Ògúnrẹ̀mí yíjú sí adágún. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò le. Bí iná bá ń lọ́ra, ó lè jẹ́ iná náà fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n, kì í ṣe ojú òun. Èrò yẹn wọlé tọ̀ ọ́, ó sì lé e jáde. Nítorí bí wọ́n bá pààrọ̀ ọ̀pá, tí nǹkan ṣì ń gbọ̀n, ó parí nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí ti àtijọ́ ṣì wà lókè, kò tíì mọ̀. Ènìyàn lè gbé pẹ̀lú ohun tí kò tíì mọ̀. Ó ti ń bá a gbé bọ̀. Kí ó bi wọ́n bóyá ó ń gbọ̀n lójú tiwọn? Bí wọ́n bá ní rárá ńkọ́?

Wọ́n jẹun, wọ́n tàkúrọ̀sọ. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí Blandine dìde, tó so aṣọ mọ́ ìdí. Ó lọ síbi mítà, ó gé iná ilé. Ó padà, ó tẹ bọ́tìnì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí i pé kò sí iná lóòótọ́.

"Ọkọ mi ti sọ fún mi. Ó ní bí mi ò bá gé iná kí n tó gun tábìlì, òun á ti rí ìyàwó míì kí wọ́n tó sin mí tán."

"Ó ti rí i tipẹ́," ni Ìbíọlá wí. "Àyè ló ń wá."

"Pàpá, ẹ bá mi di tábìlì yìí mú."

Ògúnrẹ̀mí dì í mú. Kò lè kọ ìyẹn. Bí ọmọ bá ṣubú ńkọ́? Blandine gòkè. Ó fi ìka yí ohun roboto kékeré kan lára páànù tó gbé ọ̀pá náà dání, ó yọ ọ́, ó nà án sí bàbá rẹ̀.

"Sitátà nìyí. Òun ló ń ta ọ̀pá jí. Bí ó bá ti gbó, á máa ta á, ọ̀pá ò ní jí."

Ògúnrẹ̀mí gbà á. Kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́.

"Eléyìí?"

"Òun náà ni."

"Ó kéré."

"Ó kéré. Láìsí i, ẹ máa jókòó sínú òkùnkùn ni."

Ó fi tuntun tó mú wá sí i, ó ní kí Ìbíọlá dá iná padà. Ọ̀pá àtijọ́ jí kíákíá. Ògúnrẹ̀mí kò gbójú sókè. Ẹsẹ̀ tábìlì tó dì mú ló ń wò. Ẹsẹ̀ tábìlì ń gbọ̀n. Ó dì í mú pinpin, ó ṣì ń gbọ̀n.

"Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀," ni Blandine wí lókè. "Ṣùgbọ́n etí ọ̀pá ti dúdú méjèèjì. Ó ti darúgbó. Màmá, ẹ tún gé e, kí n pààrọ̀ òun náà."

Ó yí ọ̀pá àtijọ́ díẹ̀, ó fà á jáde, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ògúnrẹ̀mí kò tíì gbé e rí. Ó ti múra sílẹ̀ de ohun tó wúwo, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jù. Ó fúyẹ́ bíi pòròpórò tó gbẹ. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun tó ṣófo ló ń fi ìmọ́lẹ̀ bò ó. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọ tuntun, ó ká etí ẹní tì í kí ó má baà yí lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí Blandine fi ọ̀pá tuntun sí àyè rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá iná padà.

Ó tàn. Ó funfun ju ti àtijọ́ lọ. Etí rẹ̀ kò dúdú.

Ògiri sì ń gbọ̀n.

Ògúnrẹ̀mí wo ògiri náà. Ó wo ilẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀pá tuntun nìyẹn, sitátà tuntun nìyẹn. Blandine ti sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wo òkè, kò sọ̀rọ̀. Ògúnrẹ̀mí mọ irú dídákẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun náà ń dákẹ́ báyìí bí òun bá dí àwọ̀n tán tí iṣẹ́ náà sì tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ti dé, ni ó wí nínú ara rẹ̀. Ohun tó mú bàbá mi ti dé. Ó ń wá ọ̀nà tí wọn ò fi ní mọ̀ lónìí.

"Ó ti dára gan-an," ló wí. "O ṣeun. Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ ẹ."

Blandine yíjú sí i. "Pàpá, ẹ wò ó dáadáa."

"Mo wò ó."

"Kí lẹ rí?"

"Iná."

"Kò gbọ̀n lójú yín ni? Lójú tèmi, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú."

Ògúnrẹ̀mí jókòó gbì sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá àtijọ́. Ìbíọlá sún mọ́ ọn.

"Pàpá, kí ló ṣe yín?"

"Tún un sọ."

"Kí ni?"

"Ohun tó o rí."

"Mo ní iná ń gbọ̀n. Gbogbo ohun tí mo pààrọ̀, ó ṣì ń gbọ̀n. Inú ló ń bí mi tí mi ò fi sọ̀rọ̀."

Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Blandine. Ìwọ ńkọ́?"

Ìbíọlá fi etí aṣọ nu ojú, ó wo òkè, ó wo ògiri. "Ó ń gbọ̀n. Ṣé ó ti pẹ́? Èmi rò pé èéfín ni."

Ògúnrẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ dà bí ikọ́, ó wá pọ̀ sí i, èjìká rẹ̀ ń mì. Wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nínú gbogbo ohun tó dára tó ti rí láyé, kò sí èyí tó dùn mọ́ ọn tó iná tó bàjẹ́ yìí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì sọ fún wọn.

"Mo rò pé ojú mi ni. Mo rò pé ó ti dé."

Kò dárúkọ rẹ̀. Ìbíọlá mọ̀ ọ́n. Òun ló ń fi òkèlè sọ́wọ́ bàbá ọkọ rẹ̀ nígbà tó fi wà láyé, òun ló ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Ó jókòó tì í.

"Láti ìgbà òjò tó kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí ẹ fi ń lọ jókòó létí omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Ìbíọlá nawọ́ sí adágún. "Èmi rò pé obìnrin kan ló wà létí omi yẹn. Bí mo bá dé ọjà, ojú àwọn opó ni mo ń wò."

"Opó wo ló fẹ́ ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn?"

"Ohun tí mo ń bi ara mi náà nìyẹn," ni Ìbíọlá wí. "Mo ní ọ̀ràn obìnrin náà gbọ́dọ̀ ti le."

Blandine rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tó fi di òpó mú. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Bí àwọn tó ń pín oògùn bá tún dé, Pàpá, ẹ máa dúró ti igi wọn. Èmi fúnra mi á wá dì yín mú tì í."

"O ò ní dì mí mú. Màá dúró."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe iná yìí."

Wọ́n tún gé iná. Ẹ̀rín ti tán lára Ògúnrẹ̀mí. Ó di tábìlì mú, ó ń ronú. Kò tíì parí. Iná lè máa gbọ̀n, kí ojú náà sì máa lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀kan kò bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Bí ọmọ yìí bá wá ṣe é tó dúró, ìgbà yẹn lòun máa mọ̀.

Blandine yọ ọ̀pá tuntun, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Ó tan iná fóònù sí ẹnu méjèèjì tí etí ọ̀pá ń wọ̀. Ó wò ó, ó fi ìka kàn án, ó gbé ìka sí imú.

"Màmá."

"Kí ni?"

"Ẹ wá gbóòórùn ọwọ́ mi."

Ìbíọlá na ọrùn. "Ẹja ni."

"Ẹja ni. Ẹ ti yan iná pọ̀ mọ́ ẹja. Inú rẹ̀ dúdú, òróró ti lẹ̀ mọ́ ọn. Irin ọ̀pá kò kan irin tó yẹ kó kàn mọ́. Ó ń kàn án, ó ń fi í sílẹ̀, ló ṣe ń gbọ̀n. Bí mo bá ń pààrọ̀ ọ̀pá títí di ọdún tó ń bọ̀, á ṣì máa gbọ̀n."

"Ẹja mi kò bá ẹnikẹ́ni jà," ni Ìbíọlá wí. "Ẹni tó gbé iná síbi tí mò ń gbé ààrò sí nígbà òjò, ẹ lọ bá a wí."

Blandine ní kí wọ́n fún òun ní sáńpépà, èyí tí káfíńtà fi ń dán pákó. Kò sí. Ògúnrẹ̀mí wọlé, ó mú aṣọ gbígbẹ àti ọ̀bẹ kékeré tó fi ń gé òwú. Blandine fi aṣọ nù ún, ó fi orí ọ̀bẹ ha irin inú ẹnu náà títí pupa rẹ̀ fi yọ, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀ kí ó lè máa di ọ̀pá mú. Ó ṣe apá kejì bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú tán, iná fóònù nìkan ló wà. Ó fi ọ̀pá padà, ó yí i, wọ́n gbọ́ tí ó dún "ká".

"Màmá, ẹ dá a padà."

Ìbíọlá lọ síbi mítà. Ògúnrẹ̀mí fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì. Ó di ojú.

Ó gbọ́ ìró kékeré lókè. Ìmọ́lẹ̀ kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò tíì là á. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí Blandine fi sọ̀ kalẹ̀ tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ló là á.

Ògiri dúró.

Ó wo ilẹ̀. Ilẹ̀ dúró. Ó rí ibi tí ògiri ti sán, ó rí ipa ìka ẹni tó rẹ́ ẹ. Ó rí òjìji ara rẹ̀ lára ògiri, òjìji náà dúró jẹ́ẹ́. Ìbíọlá padà láti ibi mítà, Ògúnrẹ̀mí sì rí i pé irun iwájú orí ìyàwó òun ti funfun. Kò mọ ìgbà tó funfun. Ó ti pẹ́ tí kò wo obìnrin náà ní ìrọ̀lẹ́.

"Ó dúró àbí kò dúró?" ni Blandine bi í.

Ògúnrẹ̀mí ṣì ń wo ògiri. Ògiri tóbi, ilẹ̀ tóbi. Bàbá rẹ̀ náà ṣì ń rí ògiri nígbà tí kò rí ọkà lọ́wọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ó ń wá ohun tó kéré. Àfòpiná kan ti wọlé láti ìta, ó fò yí ọ̀pá tuntun náà ká, ó bà lé ògiri nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò tó èékánná. Ògúnrẹ̀mí gbójú sókè sí i.

"Blandine. Etí ìyẹ́ kòkòrò yẹn, ìlà pupa wà níbẹ̀."

Blandine wò ó. "Èwo? Funfun ni mo rí."

"Sún mọ́ ọn."

Ó tún gun tábìlì, ó gbé ojú súnmọ́ ògiri.

"Òótọ́ ni. Ó tín-ín-rín bí irun." Ó bojú wẹ̀yìn wo bàbá rẹ̀. "Ibi tí ẹ dúró sí yẹn lẹ ti rí i?"

"Ibi tí mo dúró sí ni."

Ìbíọlá ní oúnjẹ alẹ́ ń tutù, kí wọ́n wá jẹun. Ògúnrẹ̀mí gbé ọwọ́ sókè, bí ẹni tó ní kí wọ́n má lé ẹyẹ. Wọ́n dúró pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjèèjì, wọ́n ń wo ohun tó ń wò. Kòkòrò náà la ìyẹ́ rẹ̀, ó pa á dé. Ògúnrẹ̀mí rí i. Ó tún là á. Ó tún rí i.